Orí Keje: Ohun Tí Géèmù Kọ̀ọ̀kan ń Gbà Lọ́wọ́ Ọpọlọ

Àwọn òbí máa ń bi mí pé ṣé géèmù dára fún ọmọ àbí kò dára. N kì í lè dáhùn, torí ìbéèrè yẹn ti kó ohun tí kò bára mu pọ̀ sójú kan. Ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù Tetris, ẹni tó ń sá kiri nínú ààfin pẹ̀lú Mario, ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation, àti ẹni tó ń fi ìka fa súìtì lójú fóònù nínú dáńfó, géèmù ni gbogbo wọn ń gbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọpọlọ wọn ń ṣe lásìkò yẹn yàtọ̀ síra pátápátá. Èmi fúnra mi ti gbá gbogbo wọn. Mo fẹ́ràn àwọn kan gidigidi, inú mi kò sì dùn sí àwọn mìíràn rárá. Nínú orí yìí, màá sọ èrò mi lórí wọn, màá sì gbé e ka ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì rí nígbà tí wọ́n yẹ àwọn tó ń gbá wọn wò. Ohun tí mo fi ń wọn géèmù kò ju méjì lọ: kí ló ń béèrè lọ́wọ́ ọpọlọ, ṣé ó sì ń jẹ́ kí èèyàn dìde nígbà tó bá tó àkókò?

Snake ni ọ̀pọ̀ lára wa kọ́kọ́ mọ̀. Taneli Armanto, ẹnjiníà ní iléeṣẹ́ Nokia ní orílẹ̀-èdè Finland, ló kọ ọ́ sórí fóònù Nokia 6110 tó jáde ní 1997. Nígbà tí GSM wọ Nàìjíríà ní 2001, tí Nokia 3310 sì gba ìgboro kan, ẹ̀dà kejì géèmù náà bá a wọlé. Nọ́ńbà 2, 4, 6 àti 8 la fi ń darí ejò yẹn. Ejò á jẹun, á gùn sí i, tó bá sì ti forí gbá ara ẹ̀, ó parí nìyẹn.

Ohun tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀tá kankan níbẹ̀. Ìrù ejò fúnra ẹ̀ ló ń dínà, ìyẹn ni pé gbogbo oúnjẹ tí èèyàn ti fayọ̀ jẹ bọ̀ ló wá di ògiri. Bí ejò ṣe ń gùn ni àyè ń dín kù, kò sì sí bí èèyàn ṣe máa wọ kọ̀rọ̀ kan láìtíì mọ ibi tó máa gbà jáde. Ìpinnu tó ní láti wo ìgbésẹ̀ mẹ́rin márùn-ún ṣáájú báyìí, apá iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn eegun iwájú orí, ló ń ṣiṣẹ́ ẹ̀. Snake kì í sì í tan ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kú mọ ibi tóun ti ṣì í, kò sì sẹ́ni tó máa ní kó sanwó kó tó lè jí. Mo ka Snake mọ́ àwọn géèmù olóòótọ́.

Ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò sí èyí tó tó Tetris. Alexey Pajitnov ló ṣe é ní Moscow ní 1984, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ti Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ìjọba Soviet. Elektronika 60, kọ̀ǹpútà tó wà níwájú ẹ̀, kò lè yàwòrán, nítorí náà àmì àkámọ́ tí a fi ń kọ̀wé ló fi to búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Oríṣi búlọ́ọ̀kù méje ló wà níbẹ̀, iye yẹn kò sì ṣàdédé wá: bí èèyàn bá so onígun mẹ́rin kéékèèké mẹ́rin pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, tí a lè yí i ṣùgbọ́n tí a kò gbọdọ̀ dojú ẹ̀ dé, ọ̀nà méje péré ló wà láti tò ó. Kò sí ìtàn níbẹ̀, kò sí akọni, kò sí ẹni tí a fẹ́ gbà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Nintendo fi í sínú páálí Game Boy tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ní 1989, àgbà àti ọmọdé ló jókòó tì í.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ti di ọ̀ta nídìí ẹ̀. Bí búlọ́ọ̀kù bá ti yọjú lókè, ó ti ń yí i. Á yí i lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà míì á yí i kọjá ibi tó yẹ, á tún yí i padà. Ẹni tó ń wò ó lè rò pé ọ̀pè ni. David Kirsh àti Paul Maglio, tí wọ́n ṣèwádìí lórí ẹ̀ ní San Diego ní Kalifóníà tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1994, rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ rárá. Yíyí búlọ́ọ̀kù pẹ̀lú bọ́tìnnì yá ju yíyí àwòrán ẹ̀ nínú ọkàn lọ. Ńṣe ni ọ̀ta yẹn ń fi ìka ronú: ó gbé apá kan iṣẹ́ ọpọlọ síta, kó lè fi ojú rí èsì ẹ̀. Ìwádìí yìí wà lára ohun tó jẹ́ kí n máa bọ̀wọ̀ fún géèmù, torí ó fi hàn kedere pé agbárí nìkan kọ́ la fi ń ronú. Ọwọ́, ojú àti ohun tó wà níwájú ẹni ń bá wa dá sí i.

Ohun mìíràn tún wà nípa Tetris. Ẹni tó bá gbá a pẹ́ lálẹ́ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ tó bá dùbúlẹ̀ tó sì pajú dé: búlọ́ọ̀kù á ṣì máa já bọ́. Robert Stickgold àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harvard yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2000. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn gbá Tetris, wọ́n sì ń bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń rí bí oorun ṣe ń gbé wọn lọ. Márùn-ún lára àwọn tó kópa jẹ́ aláìsàn tí ọpọlọ wọn ti bàjẹ́ débi pé wọn kò lè rántí ohun tuntun mọ́. Àwọn yẹn kò rántí pé àwọn gbá géèmù kankan rí, síbẹ̀ mẹ́ta nínú wọn rí ohun tó ń já bọ́ lókùnkùn. Èyí ni pé ibi tí ọpọlọ ń kó irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sí fún iṣẹ́ òru yàtọ̀ sí ibi tó ń kọ ìtàn ọjọ́ sí. Ọpọlọ ń bá ẹ̀kọ́ lọ lẹ́yìn tí a ti gbé géèmù sílẹ̀, kódà nígbà tí ẹni tó ni ín kò mọ̀.

Emily Holmes gba ibẹ̀ lọ síbi tí mo kà sí pàtàkì jù. Ẹni tó bá fojú rí jàǹbá máa ń rí i tí àwòrán ẹ̀ á ṣàdédé yọ síwájú ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta, láìpè é. Holmes àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Oxford wò ó pé iyè tí ọpọlọ fi ń di àwòrán mú lójú ẹsẹ̀ kò pọ̀. Bó bá ń lo iyè yẹn láti yí búlọ́ọ̀kù, èyí tó kù fún un láti fi tẹ àwòrán burúkú mọ́lẹ̀ kò ní tó nǹkan. Ní 2009, wọ́n fi fíìmù jàǹbá han àwọn èèyàn, wọ́n sì ní kí àwọn kan gbá Tetris lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àwọn yẹn kò rí àwòrán náà tó bí àwọn tó kàn jókòó ṣe rí i láàárín ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ní 2017, èsì mìíràn tún jáde, láti ọ̀dọ̀ àwọn 71 tí wọ́n ní jàǹbá ọkọ̀ gan-an tí wọ́n sì gbé wá sí ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kan ní Oxford. Kí wákàtí mẹ́fà tó pé, wọ́n ní kí àwọn kan rántí ibi tó burú jù nínú ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n wá gbá Tetris fún bí ogún ìṣẹ́jú. Àwòrán tó ń yọ sí wọn láìpè fi 62 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù lọ́sẹ̀ yẹn. Èyí kò sọ pé kí ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ jàǹbá máa gbá géèmù dípò kó lọ rí dókítà. Ètò wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é, abẹ́ àbójútó àwọn tó mọṣẹ́ ni wọ́n sì ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ohun tí ọkùnrin kan ṣe fún ìgbádùn ní Moscow ló ń dín ẹ̀rù kù lọ́kàn ẹni tí ọkọ̀ gbá.

Bí a bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń kọ́ni láìsọ̀rọ̀, ká wo ìbẹ̀rẹ̀ Super Mario Bros. tí Shigeru Miyamoto àti Takashi Tezuka ṣe fún Nintendo ní 1985. Mario dúró ní apá òsì, gbogbo àyè wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kò sí ìwé kankan tó ní kí ẹnikẹ́ni máa lọ sọ́tùn-ún. Bó bá rìn díẹ̀, ẹ̀dá kékeré kan á máa bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí kò bá fò á kú, kíákíá ni, kò sì ní pàdánù ohun púpọ̀, torí ìbẹ̀rẹ̀ náà ló ṣì wà. Bó bá fò, ó ṣeé ṣe kí orí ẹ̀ gbá àpótí tó wà lókè. Olú kan á jáde, á yí lọ, á kọlu páìpù, á sì yí padà wá bá a. Ohun tó rò pé ó fẹ́ pa òun ló máa sọ ọ́ di ńlá. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan, ó ti kọ́ òfin bíi mẹ́rin. Ó wù mí kí àwọn tó ń kọ ìwé ìṣirò fún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ gbá apá yìí.

Super Mario 64, tó jáde ní 1996, ni mo tún fẹ́ràn jù ú lọ. Nínú èyí, Mario lè yà síbikíbi tó bá wù ú, ààfin ńlá kan sì ni ilé tó ti ń jáde lọ sí ayé mìíràn. Àwòrán ara ògiri ni ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá a kò lè ṣe kó má mọ ààfin yẹn bó ṣe mọ ilé bàbá ẹ̀: yàrá wo ló kọjú sí èwo, ibo ni àtẹ̀gùn wà, ìràwọ̀ wo ni kò tíì mú. Ibì kan wà nínú ọpọlọ, hippocampus, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tó jẹ́ pé òun ló ń ya máàpù ibi tí a bá rìn dé. Simone Kühn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Berlin ní kí àwọn èèyàn kan gbá Super Mario 64 ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ fún oṣù méjì. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ wọn ṣáájú àti lẹ́yìn ẹ̀. Hippocampus apá ọ̀tún pọ̀ sí i lára àwọn tó gbá a, bẹ́ẹ̀ náà ni ibì kan níwájú ọpọlọ àti cerebellum tó wà lẹ́yìn orí. Kò rí bẹ́ẹ̀ lára àwọn tí kò gbá a. 2014 ni èsì yìí wà nínú ìwé ìwádìí.

Greg West àti ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Montreal, ní Kánádà, wá fi géèmù ìbọn kún un ní 2017, níbi tí àwọn tó kópa ti gbá géèmù fún 90 wákàtí. Èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló mú kí n máa sọ pé géèmù kì í ṣe nǹkan kan náà. Oríṣi méjì ni àwọn tó gbá géèmù ìbọn pín sí. Àwọn kan máa ń wo àyíká, wọ́n á mọ pé òkè wà níbí, igi wà lọ́hùn-ún, wọ́n á sì fi wọ́n mọ̀nà. Àwọn kan a máa há ọ̀nà sórí: yà sọ́tùn-ún, yà sósì, máa lọ. Hippocampus dín kù lára àwọn tó ń há ọ̀nà sórí, ó sì pọ̀ sí i lára àwọn tó ń wo àyíká. Ní ti ẹgbẹ́ tó gbá Mario, kò dín kù. Àwọn tó kópa nínú irú ìwádìí báyìí kì í pọ̀, n kò sì ní fi lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí géèmù tó yàn. Ohun tó kọ́ mi ni pé bí èèyàn ṣe ń gbá a náà wà lára ohun tó ń gbà níbẹ̀.

Géèmù ìbọn kò sí lára àwọn tí mo fẹ́ràn. Ẹ̀jẹ̀ pọ̀ jù níbẹ̀ fún mi, ìtàn inú wọn kì í sì í dá mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ ni kí n sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún ojú. Shawn Green àti Daphne Bavelier ní Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Nature ní 2003 pé àwọn tí kò gbá géèmù rí, tí wọ́n fi Medal of Honor dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí kan lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, wá ń rí ohun púpọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ ojú, wọ́n sì ń kíyè sí ohun tó ń yára kọjá dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀. Tetris ni wọ́n fún àwọn yòókù, àwọn yẹn kò sì ní irú àlékún bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé Tetris, ààyò mi, kò ṣe nǹkan kan níbi tí géèmù ìbọn ti ṣe é. Tetris ń béèrè pé kí a tejú mọ́ ojú kan. Ti ìbọn ń béèrè pé kí a máa retí ọ̀tá láti igun gbogbo. Èyí tí géèmù bá béèrè ni ọpọlọ ń kọ́, kì í sábà kọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti pé ó ń sọ ọmọ di oníjàgídíjàgan, Andrew Przybylski àti Netta Weinstein fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ ọdún 14 àti 15 tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan lẹ́nu wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì bi àwọn òbí wọn bí ìwà wọn ṣe rí. Nínú èsì tó jáde ní 2019, wọn kò rí i pé àwọn tó ń gbá géèmù oníjà ń bínú tàbí ń jà ju àwọn yòókù lọ. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, n kì í fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní géèmù ìbọn, torí ohun tí kò sọ ọmọ di oníjà ṣì lè dẹ́rù bà á lóru.

Níbi géèmù bọ́ọ̀lù ni ìgboro ilẹ̀ Yorùbá ti fi ara ẹ̀ hàn jù. Ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta, kò sí àdúgbò tí kò ní ilé géèmù nígbà tí PlayStation 2 gbòde: tẹlifíṣọ̀n méjì mẹ́ta, bẹ́ǹṣì gígùn, jẹnẹrétọ̀ níta, àwọn tó ń dúró de tiwọn sì ń pariwo lẹ́yìn àwọn tó ń gbá. PES tí Konami ṣe ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá PES 6 ti 2006. Ẹni tó bá mú Inter Milan nítorí ẹsẹ̀ òsì Adriano, gbogbo ilé á figbe ta. Bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ ní ìwúwo, kì í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀, èèyàn ní láti mọ ibi tó máa balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó tì wá ni ọpọlọ wa ń kà jù. Ó ti mọ̀ pé a fẹ́ràn láti gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, àwa náà sì mọ̀ pé ó ti mọ̀, la bá gba àárín. Kọ̀ǹpútà kò lè fúnni ní irú èrò-lórí-èrò yẹn bí ọmọ àdúgbò ẹni ṣe lè fúnni. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, á gbé páàdì fún ẹlòmíràn. Owó bọ́ọ̀lù kan ló san, bọ́ọ̀lù kan ló gbá. Láìsí òfin ìjọba, láìsí aago lára ẹ̀rọ, ilé géèmù ti yanjú ìbéèrè mi kejì, ti dídìde nígbà tó bá tó àkókò.

Bọ́ọ̀lù kan náà ló wá yí padà nígbà tí géèmù FIFA bẹ̀rẹ̀ Ultimate Team ní 2009. Èèyàn kì í kàn mú Barcelona mọ́. Ó ń ra páálí tí kò mọ agbábọ́ọ̀lù tó wà nínú ẹ̀, ó sì lè fi owó gidi rà á. Láti mọ ìdí tí èyí fi ń mú èèyàn, ẹ jẹ́ ká wo dopamine, kẹ́míkà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ọpọlọ ń tú jáde. Ní 1998, Matthew Koepp àti àwọn onímọ̀ kan ní London ya àwòrán ọpọlọ àwọn ọkùnrin mẹ́jọ tí wọ́n ń wa ọkọ̀ ogun nínú géèmù, wọ́n sì rí i pé dopamine ń tú jáde nínú striatum, apá kan nínú ọpọlọ wọn, bí wọ́n ṣe ń gbá a. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Wolfram Schultz, ti fi ọ̀bọ wo ìgbà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń ké jù, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ jù. Omi èso tí ọ̀bọ kò retí ló ń mú wọn ké. Bí ọ̀bọ bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọn kì í ké mọ́ nígbà tó bá dé, àmì tó ṣáájú ẹ̀ ni wọ́n máa ń ké sí. Páálí tí a kò mọ inú ẹ̀ kò jẹ́ kí ìyàlẹ́nu tán láé. B. F. Skinner, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ti rí i lára ẹyẹlé pé bí oúnjẹ kò bá ní iye ìgbà tó ń wá, ẹyẹ á máa sọ ẹnu lu bọ́tìnnì náà ṣáá, kódà lẹ́yìn tí oúnjẹ ti tán. Orílẹ̀-èdè Belgium ka irú páálí bẹ́ẹ̀ sí tẹ́tẹ́ ní 2018, inú mi sì dùn pé wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọdún 13 bá ń ra páálí, ìmọ̀ bọ́ọ̀lù kọ́ ló ń kọ́. Ìrètí ló ń kọ́, èyí tí tẹ́tẹ́ fi ń jẹun.

Candy Crush Saga ti 2012 kò burú bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ní ibi tó ti ń béèrè ọgbọ́n. Ẹ̀mí márùn-ún ló ń fúnni, bí ọ̀kan bá sì lọ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ń gbà kó tó padà, àfi téèyàn bá sanwó. Ó jọ pé ó ń lé èèyàn lọ sinmi, ṣùgbọ́n ọkàn kì í sinmi. Ó ń ka ìṣẹ́jú. Ní tèmi, ìsinmi tí a ń fi ojú kan wo aago kì í ṣe ìsinmi, ohun tí kò sì jẹ́ kí n fi sórí fóònù mi nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi àìsàn géèmù sínú ìwé àìsàn rẹ̀, ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022. Ó yẹ kí àwọn òbí tó ń ka wákàtí nìkan mọ̀ pé iye wákàtí kò sí nínú ohun tí wọ́n fi ń dá a mọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n ń wò: pé ẹni náà kò lè kó ara ẹ̀ níjàánu mọ́, pé géèmù ti wá ṣáájú gbogbo nǹkan mìíràn láyé ẹ̀, àti pé ó ń bá a lọ bó ti ń rí i pé ó ń ba nǹkan jẹ́ fún òun. Ó sì sábà gbọ́dọ̀ tó oṣù méjìlá tó ti ń rí bẹ́ẹ̀, tó sì ti ṣàkóbá fún ilé, iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́ ẹ̀. Ọmọ tó gbá Mario látàárọ̀ dọ̀sán nígbà ìsinmi, tó sì dìde jẹun tó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níta, kò sí lára wọn.

Kí n tó gbé fóònù fún ọmọ kankan nílé mi, mo máa ń yọ káàdì báńkì kúrò nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá gbá géèmù tó fẹ́ gbá fúnra mi, títí màá fi débi tó ti máa kọ́kọ́ béèrè owó. Bí kò bá pẹ́ rárá tí mo fi débẹ̀, màá pa á rẹ́, màá sì bá a wá òmíràn.